Gàníyù Kò Ní Fi Ilé Yá Owó

Gẹ́gẹ́ bí Gàníyù ti máa ń sọ ọ́, oṣù Kẹfà ọdún yìí ló kọ́kọ́ gbọ́ pé èèyàn lè máa jẹ ilé rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kí ó sì tún máa gbé inú rẹ̀. Bàrákàt, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ló gbé ọ̀rọ̀ náà dé. Wọ́n jókòó ní kíṣìnnì, nínú ilé tí bàbá rẹ̀ ti ń gbé ní Peckham láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n.

"Equity release ni wọ́n ń pè é, Daddy. Wọ́n á fún yín lówó lórí ilé. Ẹ ò ní san nǹkan kan. Ó dìgbà tẹ́ ẹ bá kú kí wọ́n tó ta ilé, kí wọ́n yọ owó wọn."

"Pẹ̀lú èlé?"

"Pẹ̀lú interest, yes."

"O sì fi ẹnu ara rẹ sọ pé tí mo bá kú."

"Daddy, please. Orókún yín ò gun àtẹ̀gùn mọ́. Ta ló máa sanwó stairlift tó máa gbé yín gòkè?"

Ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin ni Gàníyù. Iṣẹ́ ìgbálẹ̀ ló ṣe fẹ̀yìntì. Orúkọ ọkùnrin kan, Jonathan, ló fi ṣe ọdún mẹ́sàn-án àkọ́kọ́, nítorí Jonathan ló ní ìwé ìgbélùú. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n fẹ́ ra ilé, orúkọ Mìsítúrà ìyàwó rẹ̀ ni wọ́n fi rà á. Kò dun Gàníyù. Ilé ìyàwó ẹni, ilé ẹni ni.

Mìsítúrà kú ní oṣù Kẹsàn-án ọdún tó kọjá. Ó fi ọdún mọ́kànlá kéré sí ọkọ rẹ̀, ó sì máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Ẹ fọkàn balẹ̀, Alhaji. Èmi ni n ó sin yín." Òun ló ń tọ́jú owó ilé. Ní ọdún 2018, ó tún òrùlé ṣe, ó sì gbé àwọn méjèèjì lọ sí Mẹ́kà. Owó àjọ ni, ó ní òun ló kan. Gàníyù a máa sọ ọ́ ní mọ́sáláṣí ní Old Kent Road pé kọ́bọ̀ èlé kan ò wọ inú Hájì òun.

Ọdún yẹn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ìwé kíkà fúnra rẹ̀, pẹ̀lú ìwé ọmọdé. Orúkọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n kọ. Ibi tó ti kọ́kọ́ fi í sára ìwé ni ọ́fíìsì lọ́yà kan ní Lordship Lane, nígbà tí Mìsítúrà ń palẹ̀ Mẹ́kà mọ́. Lọ́yà náà, ọmọge òyìnbó kan, sọ̀rọ̀ fún ogún ìṣẹ́jú, ó wá bi í bóyá ó yé e. Gàníyù ní ó yé òun yékéyéké. Kò ní í sọ fún ọmọ tí òun lè bí pé ọ̀rọ̀ ò yé òun. Ó kọ orúkọ rẹ̀, G rẹ̀ fẹ̀ bí etí ife. Mìsítúrà, tó mú un lọ, ló kó ìwé náà sínú báàgì rẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì tí wọ́n wọ̀ padà sí Rye Lane.

Ní oṣù Keje, Bàrákàt mú Fọlá wá, ọmọbìnrin tó ń gbani nímọ̀ràn lórí irú owó bẹ́ẹ̀.

"Èló ni wọ́n ń san fún ẹ," Gàníyù bi í, "tó o fi ń retí ikú bàbá olóbàbá?"

"Kò tó nǹkan, sir," Fọlá dáhùn. "Orúkọ yín ló wà lórí ìwé ilé?"

"Orúkọ ìyàwó mi. Ohun tó jẹ́ tirẹ̀, tèmi ni."

"Màá yẹ̀ ẹ́ wò." Ó gbé ìwé pẹlẹbẹ kan kalẹ̀, ojú-ewé méjìlélọ́gbọ̀n. "Kí n kà á fún yín, sir?"

"Ojú mi ò fọ́."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi kà á, pẹ̀lú rúlà lábẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan. Ní ojú-ewé kọkàndínlógún ó rí i pé ẹni tó bá ń gbé inú ilé, tí ilé kì í ṣe tirẹ̀, gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i pé òun á kó jáde tí onílé bá kú. Ó pe Bàrákàt lórí fóònù nítorí rẹ̀.

"Òmùgọ̀ wo," ló wí, "ló máa fọwọ́ sí irú èyí?"

Láàárín àkókò yìí, lẹ́tà ṣì ń wá fún Mìsítúrà. Gàníyù kì í tú wọn. Á ka orúkọ rẹ̀ lára àpòòwé, á ní kí Ọlọ́hun kẹ́ ẹ, á sì tẹ́ ẹ sínú agolo bisikíìtì rẹ̀. Àmánà ni lẹ́tà òkú; a kì í tú ohun tí wọ́n fi ṣọ́ni.

Ní oṣù Kẹjọ ó pe àwọn méjèèjì jọ. Ó wọ agbádá.

"Mo ti kà á tán," ó ní. "Mi ò ṣe. Èlé ni, èèwọ̀ sì ni. Ilé yìí, Bàrákàt ni n ó fi í sílẹ̀ fún. Fọlá, o ṣeun. Mú ìwé rẹ."

Fọlá ò mú un. Òun náà ní ìwé kan lọ́wọ́, èyí tó gbà ní ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ ilé, kò sì tíì ṣí i.

"Daddy," Fọlá bi í, "ṣé lẹ́tà kankan ò wá fún Mummy?"

Bàrákàt lọ gbé agolo náà wá. Ó fẹ́ tú èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá.

"Gbé e fún mi," Gàníyù wí. "Bó bá di dandan, èmi ni n ó kà á."

Ó fi rúlà sábẹ́ ìlà àkọ́kọ́. Ó kà á dé ìsàlẹ̀, ó sì ṣí bébà kejì tí wọ́n so mọ́ ọn. G tó wà ní ìparí rẹ̀ fẹ̀ bí etí ife.

Mìsítúrà ti gba owó náà lórí ilé láti oṣù Kẹta ọdún 2018, ọkọ rẹ̀ sì ti fọwọ́ sí i pé òun á kó jáde bí ìyàwó òun bá kú. Ohun tó lọ níbẹ̀ ni ilé kan, Hájì méjì, lẹ́tà méje, àti oṣù mọ́kànlá nínú méjìlá tí wọ́n fún un láti fi palẹ̀ ẹrù mọ́.