Adégbìtẹ́ àti Ìròyìn Ìjì

Ẹ fi eré sílẹ̀ ná, ẹ̀yin ọmọ, kí n sọ ti Adégbìtẹ́ fún yín, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò ní ìlú Ìdí-Àgbọn tó wà létí ọ̀sà. Èèyàn dáadáa ni, kì í pẹ́ dé ibi iṣẹ́, ohùn rẹ̀ sì dùn létí. Àléébù kan ló ní: ó fẹ́ràn kí wọ́n máa yìn ín fún ọ̀rọ̀ sísọ. Bí ẹ bá ní kó sọ fún yín pé òjò ń bọ̀, yóò kọ́kọ́ ki òjò náà dé orí baba ńlá rẹ̀. Kó tó ṣe tán, aṣọ tí ẹ sá síta ti tutù.

Ní ọjọ́ ọjà kan, tí oòrùn ń ràn, iléeṣẹ́ tó ń wo ojú ọjọ́ ránṣẹ́ sí rédíò náà pé ìjì líle ń bọ̀ lórí ọ̀sà lọ́sàn-án. Èdè òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́, wọ́n ní sítọ́ọ̀mù ń bọ̀. Inú Adégbìtẹ́ dùn. Ó ronú pé Yorùbá lè pe ohun kan yìí ní ìjì, kó pè é ní ẹ̀fúùfù, kó tún pè é ní afẹ́fẹ́ líle. Kí ló dé tí òun yóò fi mú ẹyọ kan?

Ó jókòó sídìí maikirofóònù, ó ní, "Ṣé ìjì ni ká pè é ni, àbí ẹ̀fúùfù? Aláìlọ́wọ́ tí ń ṣí ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn. Agba-fìlà-lórí-baálé-má-tọrọ-gáfárà." Ó kì í títí. Ìgbà tó kù díẹ̀ kó parí ló tó fi kún un pé ó ń bọ̀ lọ́sàn-án, ó fi orin sí i, ó sì jáde kúrò ní sítúdíò.

Kò pẹ́ tí fóònù rẹ̀ dún. Àṣàbí ni, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó ń yan ẹja tà. "Adégbìtẹ́, o ṣeun lónìí o. Gbogbo wa ní èbúté la rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Ó yá, a ti ń wọkọ̀ lọ sọ́jà òdìkejì."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dákun, kí lẹ gbọ́ pé mo sọ?"

"O ki afẹ́fẹ́ ni. Ó sì dùn."

Adégbìtẹ́ pariwo, "Ẹ má wọkọ̀ o. Ìjì ń bọ̀ lóòótọ́."

"Àwọn tó ti wà nínú ọkọ̀ ńkọ́?" ni Àṣàbí wí. "Ta ni yóò gbà mí gbọ́ nínú oòrùn yìí? Ẹnu tìẹ ni wọ́n ń gbọ́."

Adégbìtẹ́ sáré lọ sẹ́nu ọ̀nà sítúdíò, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì dúró. Àwọn àgbà ìlú ló wà nínú ibẹ̀, wọ́n ń kéde lórí afẹ́fẹ́ pé àwọn fẹ́ fi Adégbìtẹ́ gan-an joyè Agbẹnusọ ìlú, nítorí pé ó mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ó ti pẹ́ tó ti ń retí oyè yẹn. Bó bá wọlé lọ jẹ́wọ́ pé òun ṣi ọ̀rọ̀ sọ, oyè di ti ẹlòmíì. Ṣùgbọ́n ó rántí àwọn ọmọ tí ìyá wọn pọ̀n sẹ́yìn nínú ọkọ̀. Ó wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ fún àwọn àgbà, ó sì fa maikirofóònù mọ́ra.

"Èmi Adégbìtẹ́ ni. Mo fi ọ̀rọ̀ tó le ṣeré lẹ́ẹ̀kan, ẹ forí jì mí. Ìjì líle ń bọ̀ lórí ọ̀sà lọ́sàn-án yìí. Ẹ má wọkọ̀. Ẹni tó bá ti wọkọ̀, kó padà sí èbúté."

Ó ń tún un sọ títí ohùn rẹ̀ fi há. Kò fi oríkì kankan sí i. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà náà bínú dìde, ó ní, "Ṣé ẹni tí a fẹ́ fi joyè nìyí?"

Ní èbúté, Àṣàbí gbé rédíò sókè kí gbogbo ayé lè gbọ́. Àwọn awakọ̀ kùn, ṣùgbọ́n wọ́n padà. Bí wọ́n ti ń so ọkọ̀ tó gbẹ̀yìn mọ́lẹ̀ ni ojú ọ̀run ṣú. Ìjì náà ká òrùlé ibi tí wọ́n ti ń yan ẹja, ó sì fọ́ ọkọ̀ mélòó kan mọ́ òpó èbúté. Kò sẹ́nì kankan nínú wọn. Gbogbo àwọn tó padà wà lábẹ́ òrùlé ilé ìpàdé pẹ̀lú ọmọ wọn.

Nírọ̀lẹ́, Àṣàbí gbé ẹja wá fún àbúrò rẹ̀. Adégbìtẹ́ kò lè gbójú sókè. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti ba ara mi jẹ́ lójú ìlú."

Àṣàbí ní, "Èyí tí o sọ kẹ́yìn yẹn kò dùn rárá. Ṣùgbọ́n òun la fi wà láàyè."

Ẹ̀yin ọmọ, ọkùnrin yìí wù mí, mi ò ní fi bò. Ẹ kọ́ ọ̀rọ̀, ẹ mọ̀ ọ́n lóríṣiríṣi, ó dára. Ṣùgbọ́n tí ẹ̀mí èèyàn bá wà nínú ohun tí ẹ fẹ́ sọ, ẹ sọ èyí tó máa tètè yé e. Tí ẹ bá sì ṣi ọ̀rọ̀ sọ, ẹ lọ tún un sọ níwájú àwọn tó gbọ́ ọ, ẹ má sì jẹ́ kó pẹ́. Ìtìjú á kọjá, ṣùgbọ́n àwọn tó bá bómi lọ kò ní padà wá gbọ́ àlàyé yín.