Àárò Mẹ́kà

Mùsítúrà ti Mẹ́kà dé, kò sì sí ohun tó lè fi hàn pé ó débẹ̀. Ìlọrin, níbi tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó sanwó fún un ń gbé, ló ti bá àwọn tó ń lọ Mẹ́kà wọ ọkọ̀ òfurufú. Ará Okokomaiko, àdúgbò rẹ̀, kankan kò sí nínú wọn. Oòrùn Mẹ́kà dá a dùbúlẹ̀ sí ọsibítù títí àwọn tí wọ́n jọ lọ fi padà sílé. Fóònù rẹ̀ sọnù. Ẹrù rẹ̀ kò bá a dé, àwọn tó ṣètò ìrìnàjò náà sì ti gba ìwé ìrìnnà rẹ̀ padà.

"Mẹ́kà tí ò ní dàbínù, tí ò ní fọ́tò," ni Rodiyat, tó ń ta fìlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní Ìyànà Ìbà, máa ń wí. "Àbí inú àlá lẹ gbà lọ?"

Ó tún ń sọ fáwọn oníbàárà pé wọ́n rí ẹnì kan tó jọ Mùsítúrà ní Ìjànìkín lásìkò náà, tó ń ra ẹja.

Àárò ìlú náà ló ń da Mùsítúrà láàmú ju ẹnu Rodiyat lọ. Bí oòrùn bá mú, tí èéfín ọkọ̀ gba gbogbo ojú títì, á máa rántí ooru gbígbẹ ti aṣálẹ̀ yẹn, tí kì í jẹ́ kí òógùn dúró lára. Kò rí ẹni tó lè bá sọ ọ́.

Nínú àsàlátù wọn, ẹni tó bá ti Mẹ́kà dé gbọ́dọ̀ dúró láàárín àwọn obìnrin lọ́jọ́ Sọ́ńdè, kó ròyìn ohun tó rí, kí Àlàájà àgbà tó pè é ní Àlàájà. Bí ìyẹn kò bá pè é, kò sẹ́ni tó máa pè é. Àwọn obìnrin yìí kan náà ló ń ra híjáàbù lọ́wọ́ Mùsítúrà. Ta ló máa ra híjáàbù lọ́wọ́ ẹni tó fi Mẹ́kà purọ́?

Àlàájà àgbà ni Modúpẹ́, opó sọ́jà kan tó ń gbé nítòsí bárékè Ọ̀jọ́. Kí òun àti ọkọ rẹ̀ tó kó dé láti Kàdúná ni wọ́n ti ń pè é ní Àlàájà. Kì í ròyìn Mẹ́kà. Bí wọ́n bá bi í, omi á lé ròrò sójú rẹ̀, á ní, "Àárò ibẹ̀ ò jẹ́ kí n lè sọ ọ́." Kì í rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ń bẹ̀rù rẹ̀.

Nígbà tí Sọ́ńdè pé, Rodiyat jókòó síwájú pátápátá.

"Mùsítúrà," ni Àlàájà Modúpẹ́ wí, "ìgbà wo lo kọ́kọ́ dé iwájú Káábà?"

"Ọ̀sán gangan ni, mà. Oòrùn ń ta bí iná."

"Ẹsẹ̀ lásán?"

"Ẹsẹ̀ lásán, mà."

"Báwo ni ilẹ̀ ṣe rí lẹ́sẹ̀ rẹ?"

Mùsítúrà mọ ìdáhùn, ó sì mọ̀ bó ṣe máa rí létí wọn.

"Ó tutù, mà."

Rodiyat pàtẹ́wọ́. "Ẹ ò gbọ́ nǹkan? Nínú aṣálẹ̀, lọ́sàn-án gangan. Ẹ̀gbọ́n, etí odò tẹ́ ẹ ti ń ra ẹja nilẹ̀ ti ń tutù."

Àwọn obìnrin bú sẹ́rìn-ín.

"Mábù funfun ni," ni Mùsítúrà wí. "Oòrùn kì í mú un gbóná. Mo rò pé àtẹ́lẹsẹ̀ mi á bó, àfi bíi pé mo tẹ omi. Ibẹ̀ ni mo ti sunkún. Títí dòní, bí mo bá bọ́ bàtà, ẹsẹ̀ mi ṣì ń wá a."

Ẹ̀rín dáwọ́ dúró. Gbogbo wọn yíjú sí Àlàájà Modúpẹ́. Ó ti dijú.

"Tún un sọ."

Mùsítúrà tún un sọ, kò fi kún un, kò yọ níbẹ̀.

"Òótọ́ ni," ni Àlàájà Modúpẹ́ wí. "Rodiyat, dìde kó o bẹ̀ ẹ́. Àlàájà Mùsítúrà, káàbọ̀."

Nígbà tí àwọn yòókù jáde tán, tí Mùsítúrà ń ká ẹní, Àlàájà Modúpẹ́ rọra ti ilẹ̀kùn, ó sún mọ́ ọn, ó sì bi í kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bóyá wọ́n ṣì ń fún ẹni tó ti dàgbà tó òun ní físà Mẹ́kà, bó bá jẹ́ pé ìgbà àkọ́kọ́ tí onítọ̀hún máa débẹ̀ nìyẹn.