Ọjọ́ Tí Olùkọ́ Jókòó Níwájú Ògbufọ̀

Ní Pobẹ̀, bí olóṣèlú kan bá ti Kutọnu dé, Fálúyì ni wọ́n máa ń ránṣẹ́ pè. Òun ló gbé ìlú Àjàṣẹ́ rí, tó ń tọ́jú ẹṣin òyìnbó kan, kó tó padà wálé pẹ̀lú akẹtẹ̀ funfun lórí. Ìlú rí akẹtẹ̀ náà, wọ́n sì fi í ṣe ògbufọ̀. Wọ́n fún un ní àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn àgbà.

Nínú ọyẹ́ ọdún òmìnira, olóṣèlú méjì, Alphonse àti Bonaventure, wá sí ọjà lọ́jọ́ kan náà láti tọrọ ìbò. Àyà Fálúyì ń já, ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí tiwọn. Cyprien, olùkọ́ tuntun tó ti Sákété wá, ti jókòó síwájú pátá, wọ́n sì ní Faransé ni ọ̀gbẹ́ni yìí fi ń lá àlá. Baálẹ̀ Ṣóbándé ti wí fún un ní gbangba pé:

“Mẹ́sùú olùkọ́, ẹ bá wa tẹ́tí o. Bí Fálúyì bá fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sílẹ̀, ẹ̀yin lẹ óò máa jókòó sórí àga yẹn.”

Alphonse dìde. Ó sọ Faransé títí itọ́ fi gbẹ lẹ́nu rẹ̀. Fálúyì kò wo ẹnu rẹ̀, ọwọ́ ọkùnrin náà ló tẹjú mọ́. Nígbà tí ọwọ́ lu àyà, ó ní, “Ó ní ọmọ yín lòun.” Nígbà tó nà síhà abúlé Ahoyéyé, ó ní, “Ó ní òun óò la ọ̀nà.” Nígbà tó tọ́ka sílẹ̀, ó ní, “Ó ní òun óò gbẹ́ kànga. Kí òjò tó dé, ẹ ó ti máa mu ún.”

Bonaventure náà dìde. Ó lu àyà, ó nawọ́, ó tọ́ka sílẹ̀. Ọmọ yín lòun, òun óò la ọ̀nà, òun óò gbẹ́ kànga.

“Bí ọ̀bọ ṣe ṣe orí ni ìnàkí ṣe ṣe!” Èjìdé ló pariwo, ìyá ará Ahoyéyé tó ń pọn omi láti ọ̀nà jíjìn. “Fálúyì, bá mi bi wọ́n, kí ni ìyàtọ̀ wọn? Ìgbà wo ni ọrùn mi óò sinmi?”

Fálúyì kò tilẹ̀ yíjú sí àwọn àlejò. “Ẹ má wulẹ̀ ṣèyọnu, ìyá. Wọ́n ní ẹ fọkàn balẹ̀.”

Ọjà bú sẹ́rìn-ín. Inú Èjìdé kò dùn rárá.

Ìgbà náà ni olùkọ́ dìde. Fálúyì di apá àga rẹ̀ mú. Ojú wo ni yóò fi wọlé bí wọ́n bá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀?

“Ẹ̀yin èèyàn mi,” ni olùkọ́ wí, “mo gbọ́ àwọn méjèèjì láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Bàbá yìí kò fi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀. Kò sì fi ẹyọ kan kún un.”

Àtẹ́wọ́ sọ. Baálẹ̀ fúnra rẹ̀ bá Fálúyì nu eruku orí àga.

Nírọ̀lẹ́, Ọ̀ṣuntóyìn, ìyàwó Fálúyì, gbé oúnjẹ wá fún un.

“Bàbá Huguette, Faransé yín yìí, ṣé òyìnbó ẹlẹ́ṣin yẹn ló kọ́ yín?”

“Òyìnbó kẹ̀?” Fálúyì bu òkèlè. “Bọ́ńjúù nìkan ló máa ń sọ fún mi, òun náà sì ni gbogbo Faransé tí mo gbọ́ títí dòní, ẹṣin rẹ̀ lèmi ń bá sọ̀rọ̀, Nàgó tiwa yìí la sì ń sọ.”