Ojú Ewé Kejì Lẹ́tà Náà

"Ìwọ lo tú àṣírí mi!"

Ọkọ mi ń pariwo mọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ lórí fóònù. Ọ̀rẹ́ náà ń sunkún, ó ń búra.

Ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n jọ fi wá bí wọ́n ṣe máa yí gáàsì inú epo rọ̀bì kan padà sí òmíràn tó wúlò jù ú lọ.

Lónìí, ọ́fíìsì ìjọba kọ̀wé pé àwọn ò lè fún ọkọ mi níwèé-àṣẹ pé òun ló ni iṣẹ́ náà: ó ti wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì fún gbogbo ayé kó tó mú un wá.

"Ẹni tó ṣe mí báyìí, kò ní..."

Mo sáré fọwọ́ bò ó lẹ́nu. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣépè!"

Ojú ewé kejì lẹ́tà náà wà nínú kọ́mú mi.

Àwòrán ọkọ mi ló wà níbẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, gbogbo iṣẹ́ náà wà lára pátákó ìkọ̀wé lẹ́yìn rẹ̀.

Ohun tí mo kọ sókè rẹ̀ lọ́jọ́ tí mo gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì ni: "Ẹ bá mi yọ̀, ọkọ mi ti rí i ṣe!"