Ààlà Màmá

Láràárọ̀, kí Ìbídùn tó lọ síbi iṣẹ́, ó máa ń pààlà fún ìyá rẹ̀ kí màmá má baà ṣìnà. Á dárúkọ ibi tí màmá fẹ́ lọ fún ẹ̀rọ, ẹ̀rọ á mú èyí tó jìnnà jù níhà àríwá, gúúsù, ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn, á sì fi ya àpótí onígun mẹ́rin lórí àwòrán ayé. Bí màmá bá dé etí àpótí náà, bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ á dì mọ́lẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, Ìbídùn ń kánjú. Ilé àti mọ́ṣáláṣí nìkan ló dárúkọ.

Nígbà tí àwọn aládùúgbò pè é lọ́sàn-án, ó sáré dé, ó bá màmá létí títì, tó dúró gbagidi nínú oòrùn, abọ́ èkuru lọ́wọ́ rẹ̀. Ilé Ìyá Sàríyù, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń ṣàìsàn, ló wà ní òdìkejì. Àwọn èèyàn ń wò wọ́n.

Màmá ní, "Ẹ má bínú. Mo rò pé ibẹ̀ wà lára ibi tí ẹ ní kí n máa dé."

Ìbídùn bojú wẹ̀yìn, bóyá àgbàlagbà kan ló dúró síbẹ̀. Kò sí ẹnì kankan. Òun ni ìyá rẹ̀ ń pè ní "ẹ".

Ojú tì í. Ó kúnlẹ̀, ó tú bàtà náà kúrò lẹ́sẹ̀ màmá, ó sì bọ́ tirẹ̀ fún un.

"Màmá, ẹ jẹ́ ká lọ."

Màmá kò gbẹ́sẹ̀. Ó wo títì náà, ó wá rọra bi ọmọ rẹ̀ pé, "Ṣé ẹ ti gbà kí n kọjá?"