Ẹ̀jẹ̀ Tí Kò Gbọdọ̀ Wọlé

Ìyá Reuben kò sọ pé òun ò fẹ́ Oyinadé. Ohun tó sọ ni pé jẹjẹrẹ ọyàn ló pa ìyá ọmọbìnrin náà, òun ló pa ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, òun náà ló sì pa ìyá tó bí àwọn méjèèjì. Ẹni tó bá fẹ́ gbé ìyàwó a kọ́kọ́ wádìí ilé ìyàwó, àwọn àgbà ò fi ìyẹn ṣeré. Nígbà tí nọ́ọ̀sì kan wá kéde ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Ìfakò-Ìjàyè pé àwọn olùwádìí kan ń yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn obìnrin wò lọ́fẹ̀ẹ́, láti mọ ẹni tó jogún ewu jẹjẹrẹ lọ́dọ̀ òbí, màmá náà ní Ọlọ́run ti dá òun lóhùn. Bí ẹ̀jẹ̀ Oyinadé bá mọ́, kí wọ́n mú ọjọ́ ìdána. Bí kò bá mọ́, kí Reuben wá ẹlòmíràn.

Ìdílé ti màmá náà mọ́, ó sì máa ń sọ ọ́. Ìyá tó bí i ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló sì fi ń rìn lọ sí ìsìn òwúrọ̀. Lóòótọ́, àwọn àbúrò ọkọ rẹ̀ obìnrin méjì kú láìdarúgbó, ikùn wọn wú, wọ́n sì rù kan eegun, ṣùgbọ́n ìyẹn ò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọwọ́ ayé ni. Wòlíì ló rí i, gbogbo àdúgbò ló sì mọ orogún ìyá wọn tó ṣe é.

Fúnkẹ́mi, àbúrò Reuben, ló mú Oyinadé wọ ilé náà. Ilé-iṣẹ́ bísíkíìtì kan ní Ọ̀gbà ni àwọn méjèèjì ti ń di páálí, ìdí tábìlì kan náà ni wọ́n sì ń dúró. Bí Oyinadé bá pẹ́ láàárọ̀, Fúnkẹ́mi a bá a buwọ́ lùwé. Bí orí bá ń fọ́ Fúnkẹ́mi, Oyinadé a di ti ẹni méjì. Ọjọ́ tí Reuben wá gbé àbúrò rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ló rí Oyinadé, kò sì gbádùn mọ́ ní Computer Village tó ti ń tún fóònù ṣe. Láti ìgbà náà, Fúnkẹ́mi kì í pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ lórúkọ mọ́. "Ìyàwó wa" ló ń pè é.

Ọ̀rọ̀ àyẹ̀wò yìí ba Oyinadé lẹ́rù gidigidi. Òun ló tọ́jú ìyá rẹ̀ dópin. Ó mọ òórùn egbò náà. Ó sọ fún Fúnkẹ́mi pé bí òun bá jogún rẹ̀, òun ò fẹ́ mọ̀. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn Reuben débi pé kò lè jẹun. Fúnkẹ́mi ní kó nu ojú rẹ̀, àwọn jọ máa lọ ni. Wọ́n gba àyè lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n lọ sí ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń ṣe ìwádìí náà, lápá Onígbòǹgbò. Nọ́ọ̀sì fa ẹ̀jẹ̀ sínú ìgò kékeré, ó lẹ orúkọ Oyinadé mọ́ ọn lára, ó ní òkè òkun ni yóò lọ, èsì á sì pẹ́. Àwọn ọ̀rẹ́ méjì náà ra gúgúrú jẹ bí wọ́n ti ń bọ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ náà Oyinadé sùn dáadáa, èyí tí kò ṣe láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀.

Ó pẹ́ lóòótọ́. Ìyá Reuben tilẹ̀ ti sọ fún ayálégbé yàrá ẹ̀yìn pé kó máa palẹ̀ mọ́, kí tọkọtaya lè rí ibi wọ̀. Nígbà tí ilé ìwòsàn ní kí wọ́n wá gba èsì, òun àti ọmọ rẹ̀ obìnrin sin Oyinadé lọ. Dókítà tó gbà wọ́n kò rí wọn rí. Ó béèrè lọ́wọ́ Oyinadé bóyá kí àwọn yòókù bọ́ síta. Oyinadé rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní kí wọ́n dúró, kí màmá fi etí ara wọn gbọ́.

Dókítà sọ ọ́ jẹ́jẹ́. Àbùkù náà wà nínú ẹ̀jẹ̀. Kì í ṣe pé àìsàn ti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ ọyàn, àti ti inú ikùn níbi tí ẹyin obìnrin ń gbé, sún mọ́ ẹni tó ni ẹ̀jẹ̀ yìí ju àwọn obìnrin yòókù lọ. Iṣẹ́ abẹ wà tí wọ́n lè fi gé àwọn ibi náà kúrò kí àìsàn tó bẹ̀rẹ̀. Kò sọ ibi tí ẹni tó ń di páálí bísíkíìtì yóò ti rí i ṣe.

"Kí ìyá, bàbá àti àwọn ọmọ ìyá wá ṣe tiwọn," ni ó wí. "Ọkùnrin pàápàá lè gbé e, kó má ṣe é ní nǹkan kan, kó sì fi lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́."

"Ìyẹn ò kàn wá, Dókítà," ni Ìyá Reuben wí. "Kó lọ kó àwọn ẹbí rẹ̀ wá."

Oyinadé la ẹnu láti sọ̀rọ̀. Ó wo Fúnkẹ́mi, tó di etí àga mú, tí omijé ń dà lójú rẹ̀. Fúnkẹ́mi mi orí díẹ̀. Oyinadé pa ẹnu dé.

"Ìwọ ńkọ́?" ni Ìyá Reuben bi Fúnkẹ́mi lẹ́nu ọ̀nà. "Ṣé ìwọ ló ń ṣe ni? Ọ̀rẹ́ ò tó báyẹn."

Ní ìdí géètì, Fúnkẹ́mi dì mọ́ Oyinadé, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú, kó má sì sọ nǹkan kan fún Reuben. Oyinadé ní òun ò ní sọ.

Reuben pè é lẹ́ẹ̀kan. Ó ní òun ò lè kọ ọ̀rọ̀ ìyá òun. Oyinadé kò bá a jiyàn. Ó ní kó máa tọ́jú àbúrò rẹ̀ dáadáa, ó sì pa fóònù.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, Ìyá Reuben gbé àbẹ́là àti èso lọ síwájú pẹpẹ. Ó dúpẹ́ pé Ọlọ́run ò jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ burúkú wọ ilé òun, ó sì fa ọmọ rẹ̀ obìnrin mọ́ra kí wọ́n jọ kúnlẹ̀. Fúnkẹ́mi ṣe àmín.

Lọ́jọ́ tí wọ́n lọ fún àyẹ̀wò, ìta ni Oyinadé jókòó sí. Nígbà tí nọ́ọ̀sì pe orúkọ rẹ̀, Fúnkẹ́mi ló dáhùn, òun ló wọlé, òun ló sì na apá fún abẹ́rẹ́.