Ọ̀rọ̀ Tó Kù fún Rimma Arkadyevna

Ogójì ọ̀rọ̀ ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí Rimma Arkadyevna láti ìlú òyìnbó. Gbogbo ẹ̀ ló jẹ́ ọ̀rọ̀ tí àwọn ọ̀daràn Rọ́ṣíà fi ń sọ bí wọ́n ṣe ń halẹ̀ mọ́ èèyàn láti gba nǹkan lọ́wọ́ ẹ̀. Wọ́n ní kó yí wọn sí èdè òyìnbó, kí àwọn ògbufọ̀ kóòtù lè máa rí i lò. Ó gbọ́dọ̀ tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́ lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Tí ò bá tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́, ẹlòmíì ní Mọ́sìkò ni wọ́n máa gbé iṣẹ́ náà fún, kò sì sí iṣẹ́ mìíì tó ń bọ̀ wá bá tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì lábúlé.

Ìwé atúmọ̀ èdè mẹ́ta ló wà lórí tábìlì ẹ̀. Kò sí èyí tó gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Ẹni tó gbọ́ ọ ni Fedot.

Fedot ti ṣẹ̀wọ̀n. Gbogbo abúlé ló mọ̀, torí àmì aláwọ̀ búlúù tí wọ́n fín sí ìka ẹ̀ lẹ́wọ̀n. Ọdún mọ́kànlá ló ti ń wá sílé Rimma ní gbogbo Sátidé. Á la igi, á fa omi, á tún òrùlé ilé ìwẹ̀ ṣe. Èmi tí mò ń sọ ìtàn yìí, tí mo ti bá àwọn agégi gbé láti abúlé yẹn títí dé Òkun Funfun, tí kò sí àáké tí mi ò gbé rí, mi ò rí ẹni tó ń la igi bíi tiẹ̀. Ó ń là á bí ẹni tí ẹ̀ṣọ́ dúró tì.

Sátidé yìí, Alya, ọmọ Rimma, ti ti ìlú Vologda wá. Ó rí Fedot lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ẹja ńlá kan. Fedot ò na ẹja náà sí wọn láti ìta; lọ́dọ̀ wọn, wọ́n gbà pé ẹni tó bá na nǹkan kọjá ẹnu ọ̀nà ń fa ìjà wọlé ni. Ó wọlé, ó bọ́ fìlà, ó dúró.

"Jókòó," Rimma sọ fún un. Ìgbà yẹn ló tó jókòó.

"Fedot Lukich," Alya ní, "kí lẹ ń fẹ́ lọ́wọ́ màámi gan-an?"

"Mò ń la igi fún wọn."

"Ta ló ń la igi lọ́fẹ̀ẹ́ fún ọdún mọ́kànlá?"

"Òmùgọ̀," Fedot dáhùn, ó rẹ́rìn-ín. Rimma ò rẹ́rìn-ín.

Alya wọ yàrá, ó fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ ní ṣíṣí díẹ̀.

"Òrùlé," Rimma kà látinú ìwé. "Kí ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀?"

"Ẹni tó máa ní òjò ń bọ̀, kẹ́ ẹ wá sábẹ́ òun. Òun náà ló ń rọ òjò ọ̀hún."

Rimma kọ ọ́ sílẹ̀. "Mú un níbi tó fi ń mí."

Fedot ki ìka méjì bọ ẹ̀gbẹ́ ọrùn ẹja náà, ó gbé e sókè. "Ẹ wò ó. Mi ò fún un pa. Kò kàn lè yí ni."

"Fi í sórí ìwọ̀."

"Ìyẹn yàtọ̀. Ẹni tó wà lórí ìwọ̀ ṣì ń lúwẹ̀ẹ́. Ó ń jẹ, ó ń mu, àwọn tó ń wò ó rò pé ibi tó wù ú ló ń lọ. Wọ́n á kàn máa fa okùn náà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan." Ó nu ọwọ́ sára ṣòkòtò. "Ṣé àwọn òyìnbó náà ń sọ bẹ́ẹ̀?"

"Wọ́n ń sọ ọ́."

"Ibi gbogbo náà ni, àṣé."

Rimma ṣí ojú ewé. "Fún wàrà lára ẹ̀ bíi ti màlúù." Ó yí bírò lọ́wọ́. "Ṣé màlúù náà kì í bínú?"

"Níbẹ̀rẹ̀ ni. Tó bá yá, òun fúnra ẹ̀ lá máa lọ dúró síbi korobá."

Ojú ti Rimma. Kò gbórí sókè. Fedot wo aago ara ògiri, ó wò ó pẹ́ ju ẹni tó fẹ́ mọ aago mélòó ló lù lọ.

"Ṣó ṣì wà níbẹ̀?" ó bi í.

"Ó wà níbẹ̀."

"Òtútù ń bọ̀, Rimma Arkadyevna. Ọ̀rọ̀ yìí ti fẹ́ẹ̀ tán. Mo rò pé a lè parí gbogbo ẹ̀ lónìí."

"Ó ku ọ̀kan." Rimma fi ìka sábẹ́ ọ̀rọ̀ náà. "Shantazh."

Fedot dìde, ó dé fìlà ẹ̀. "Kéèyàn máa fi àṣírí ẹlòmíì gba nǹkan lọ́wọ́ ẹ̀? Ìyẹn ò nílò èmi. Ẹ mọ ìyẹn dáadáa."

Alya jáde pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. "Ó tó gẹ́ẹ́. Mò ń pe ọlọ́pàá."

Jìnnìjìnnì mú Fedot. Kò wo Alya. Rimma ló ń wò.

"Gbé e sílẹ̀," Rimma sọ fún ọmọ ẹ̀.

"Màámi, ọkùnrin yìí ń halẹ̀ mọ́ yín nínú ilé yín. Mo gbọ́ ọ."

"Mo ní o gbé e sílẹ̀."

Alya gbé e sílẹ̀. Fedot jáde lọ síbi igi. Wọ́n gbọ́ àáké ẹ̀ títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú, Alya sì ń palẹ̀ ẹrù ẹ̀ mọ́, ó ń sunkún, ó ń sọ pé ọjọ́ kan ni wọ́n máa pe òun wá gbé òkú ìyá òun.

Nígbà tí ọmọ ti wọkọ̀ lọ, Rimma gbé aago kúrò lára ògiri, ó fa ìwé tó wà lẹ́yìn ẹ̀ yọ, ìwé àgọ́ ẹlẹ́wọ̀n tó já bọ́ lápò Fedot lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wá sá òjò níbẹ̀, tó ní fọ́tò ẹ̀, orúkọ ẹ̀ gan-an, àti ọdún mẹ́sàn-án ẹ̀wọ̀n tó sá fún; ó wò ó títí, ó wo igi níta tí ò tíì tó ìdajì ti ọdún kan, ó sì dá ìwé náà padà síbi tó wà.